Wàrà Tí Rùkáyàt Fẹ́ Kó Bàjẹ́

Ọjà Tuntun ni wọ́n bí Rùkáyàt sí. Wàrà ni ìyá rẹ̀ ń tà níbẹ̀. Láti kékeré ni Rùkáyàt ti mọ̀ pé wàrà tútù tó bá kù di ìrọ̀lẹ́, díndín ni wọ́n ń dín in. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé sínú omi rẹ̀ di ọ̀túnla, adìẹ pàápàá á kọ́kọ́ rò ó wò kó tó fẹnu kàn án.

Ohun kan wà tí kò yé e. Wàrà àwọn kan máa ń kan kí oòrùn tó mú lọ́jọ́ kejì. Ti àwọn mìíràn á ṣì dùn. Ó bi ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ ló yàtọ̀ sí ọwọ́. Ó bi obìnrin Fúlàní tó ń gbé e wá láti gáà. Ìyẹn ní màlúù ló yàtọ̀ sí màlúù. Ọmọ náà ń ta wàrà lọ.

Ó lọ sílé ìwé. Ó wọ pólì, ó ń kọ́ nípa oúnjẹ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kó má tètè bàjẹ́. Ó fẹ́ Ìsmáílà, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Lọ́kọ́ja. Ó bí Nusaybah, ó fi ìwé sílẹ̀. Ó padà. Ó bí èkejì, ó tún fi í sílẹ̀. Ìgbà tó tún padà, àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ń gba owó oṣù, àwọn tó wá bá ní kíláàsì sì ń pè é ní Àǹtí.

Ilé ìwé wá sọ fún un, wọn ò fi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ọdún tí òfin fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi parí ti ń tán lọ fún un. Ó ti ṣe gbogbo ìdánwò. Iṣẹ́ ìwádìí nìkan ló kù. Olùdánwò kan ń bọ̀ láti ìlú mìíràn láti wá yẹ iṣẹ́ gbogbo wọn wò. Bí ìyẹn bá wá, tó lọ, tí kò rí ti Rùkáyàt, kò sí ìwé ẹ̀rí mọ́. Gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀ á di òfo. Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn.

Dókítà Àhmádù ni olùkọ́ tí wọ́n ní kó bojú tó iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Rùkáyàt gbé àkọlé tó ti kọ lọ bá a. Àkọlé náà gùn bí ọ̀nà Jẹ́bà. Ìdàgbàsókè wà nínú rẹ̀, ọrọ̀ ajé wà nínú rẹ̀, gbogbo ìpínlẹ̀ Kwara wà nínú rẹ̀. Dókítà kà á tán, ó yọ awò ojú.

“Kí lo fẹ́ mọ̀?”

“Ipa tí wàrà ń kó, sà, nínú ìdàgbàsókè—”

“Mo ti ka ìyẹn. Mo ní, kí lo fẹ́ mọ̀?”

Rùkáyàt wá sọ èyí tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti Ọjà Tuntun. “Mo fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kí wàrà kan tètè kan ju òmíràn lọ.”

“Ìyẹn sàn. Ṣùgbọ́n ohun tó lè fà á pọ̀. Màlúù wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀, ìkòkò, ọwọ́, oòrùn. Ṣé gbogbo ẹ̀ lo fẹ́ wò?”

“Rárá, sà.”

“Mú ọ̀kan. Mú èyí tí ìwọ fúnra ẹ lè yí padà, kí gbogbo ìyókù sì dúró bí wọ́n ṣe wà.”

Ó mú ohun tí wọ́n fi ń mú kí wàrà dì. Ewé bọmubọmu ni àwọn ará gáà ń lò. Àwọn mìíràn ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Èwo ló ń jẹ́ kó pẹ́ jù? Rùkáyàt rò pé ewé ni. Wàrà ewé ni ìyá rẹ̀ tà títí tó fi dàgbà. Dókítà ní kó kọ ohun tó rò sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà di ẹ̀yìn ọ̀la kó ní òun ò rò bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ka ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ. Ó rí àwọn tó ti ṣe ohun tó jọ ọ́, nínú yàrá ẹ̀rọ tó tutù nini. Kò rí ẹni tó ṣe é nínú yàrá bíi tirẹ̀, níbi tí iná kì í dúró, tí páànù ń gbóná lórí ẹni. Ó ní ibẹ̀ lòun máa ṣe é, torí irú ibẹ̀ náà ni wàrà máa ń sùn.

Ó lọ bá Lami ní gáà, ọ̀nà tó gba àdúgbò Ṣàngó kọjá. Lami ló ń gbé wàrà wá fún ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

“Lami, mílíìkì kan náà ni mo fẹ́, ìkòkò kan náà, iná kan náà. Pín in sí méjì. Fi ewé sí ọ̀kan, fi ọsàn sí èkejì.”

“Ọsàn? Ta ló máa jẹ ẹ́?”

“Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́. Mo fẹ́ wo ìgbà tó máa bàjẹ́ ni.”

Lami wò ó láti òkè délẹ̀. “Ọkọ ẹ mọ̀?”

“Ó mọ̀.”

“O ń ra oúnjẹ kó lè bàjẹ́, kò sì lé ẹ. Dì í mú o, irú wọn ò pọ̀.”

Rùkáyàt gbé wàrà náà dé agboolé ọkọ rẹ̀. Ó gé e ní ègé-ègé, ó fi sínú abọ́ kéékèèké tó ní ọmọrí, ó bu omi wàrà lé wọn lórí. Ó kọ nọ́ńbà sí ìdí abọ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì, Hadiza àti Bùkọ́lá, ni yóò máa wá gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sọ èyí tó ti kan. Wọn ò mọ abọ́ tó jẹ́ ti ewé, wọn ò mọ ti ọsàn. Rùkáyàt fúnra rẹ̀ ò bá wọn gbóòórùn. Ẹni tó bá ti mọ̀, imú rẹ̀ á máa ṣe ojúsàájú.

Ó ṣe gbogbo ìyẹn dáadáa. Ibì kan ló ti kù díẹ̀ káàtó. Ìyá ọkọ rẹ̀, Àlàájà Safiyat, bi í léèrè ohun tó ń kó sórí pẹpẹ. Ó ní, “Iṣẹ́ ilé ìwé ni, Ìyá.” Ó rò pé ìyẹn ti tó.

Kò tó. Àlàájà rí i pé àwọn ọmọbìnrin kan ń wá láàárọ̀, wọ́n ń ṣí oúnjẹ, wọ́n ń gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ń kọ nǹkan, wọ́n ń dé e padà, wọn ò jẹ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún dé. Ó rò pé wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ tán, pé ojú ló ń ti ìyàwó láti sọ pé oúnjẹ ti ṣẹ́ kù. Ilé náà kò jìnnà sí ilé kéwú. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ sì ni. Ó dìde.

Ìgbà tí Rùkáyàt fi máa dé láti ilé ìwé, àwọn abọ́ rẹ̀ ti mọ́ tónítóní, wọ́n dojú dé lórí àpáta lẹ́yìnkùlé.

“Ìyá, ẹ kú ilé. Wàrà mi dà?”

“Ìyàwó, káàbọ̀. Jókòó ná.” Inú Àlàájà dùn. “Mo ti bá ẹ fi ṣe sàráà.”

“Wàrà wo, Ìyá?”

“Èyí tí ẹ ń gbóòórùn kiri yẹn. Mo ṣà á. Èyí tó ti fẹ́ kan, mo dà á fún àgùntàn. Mo dín èyí tó dáa, mo bu ata sí i. Àwọn ọmọ kéwú jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ọwọ́. Àáfà Jímọ́ọ̀ ṣe àdúà fún ẹ tó rinlẹ̀. Mo ní kó fi ti iṣẹ́ ilé ìwé ẹ síwájú. Ó ní yóò yọrí. Gbogbo wọn ṣe àmín.”

Rùkáyàt jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Ìyá, wàrà yẹn ni iṣẹ́ ilé ìwé náà.”

“Bíi ti báwo?”

“Òun gan-an ni. Mo ń dúró kó bàjẹ́ ni.”

Àlàájà wò ó. “Kí oúnjẹ bàjẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Nínú ilé yìí. Tí ebi ń pa ọmọ ọlọ́mọ kọjá lẹ́nu ọ̀nà.”

“Ẹ̀kọ́ ni, Ìyá.”

“Ta ló ń kọ́ yín? Ṣé mùsùlùmí ni?”

“Mùsùlùmí ni. Ọmọ Ìlọrin ni.”

“Ó wá burú jù.”

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bùkọ́lá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá ní, “Àǹtí, ẹ má sunkún. Ṣebí ẹ ti ní ti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ fi ọgbọ́n orí kọ ti ìparí. Ẹ̀rí ti wà níkùn ọmọ kéwú. Ta ló máa lọ tú u wò?”

Ó júwe ọkùnrin kan fún un, lẹ́nu géètì, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Rùkáyàt lọ. Àkókò ń lọ, ẹni tó bá sì ń rì kì í yan ohun tó máa dì mú. Ọkùnrin náà ò wojú rẹ̀.

“Èsì wo lẹ fẹ́?”

“Mi ò tíì mọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ kó tó parí.”

“Mi ò bi yín ohun tí wọ́n jẹ. Mo ní èwo lẹ fẹ́ kó borí? Ẹ kàn sọ ọ́, ẹ padà wá lọ́la, ẹ máa bá a, a ti fi páálí dì í di ìwé.”

Ewé ni Rùkáyàt fẹ́. Ó ṣí ẹnu láti sọ ọ́. Ó wá rí i pé bó bá sọ ọ́, òun á gba ìwé ẹ̀rí, òun ò sì ní mọ̀. Ohun tó ti ń bi ìyá rẹ̀ láti kékeré, á kàn kọ ìdáhùn sí i bí ẹni tó ń sọ àlá. Ó ní òun ń bọ̀. Kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ó lọ bá Dókítà.

“Sà, wọ́n ti jẹ ẹ́.”

“Ta ni?”

“Àwọn ọmọ kéwú, sà. Ìyá ọkọ mi fi ṣe sàráà.”

“Sàráà kí ni?”

“Kí iṣẹ́ náà lè yọrí.”

Dókítà fi ọwọ́ bo ẹnu. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ìgbà tó ṣe, ó nu ojú. “Kí lo sọ fún ìyá náà kí o tó gbé abọ́ wọlé tì í?”

“Mo ní iṣẹ́ ilé ìwé ni.”

“O ò sọ nǹkan kan nìyẹn. O bá èmi sọ ọ́. O bá onímílíìkì sọ ọ́. Ẹni tó ni ilé tí o ti ń ṣe é, o ò bá a sọ. Ohun tó yẹ kí àgbàlagbà ṣe sí oúnjẹ tó fẹ́ bàjẹ́ ló ṣe.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Olùdánwò ò ní sún ọjọ́ rẹ̀ síwájú. Àyè ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù fún ẹ. Tún un ṣe. Kí o sì kọ ti àkọ́kọ́ sí i.”

“Èyí tí wọ́n jẹ?”

“Èyí tí wọ́n jẹ.”

Ó sáré dé gáà. Lami ń di ẹrù. Koríko ti gbẹ, ọkọ rẹ̀ ti ní àwọn fẹ́ da màlúù lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí omi wà.

“Àárọ̀ ọ̀la ni mo lè bá ẹ ṣe é,” Lami wí. “Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ìgbà òjò.”

Ìgbà òjò kò ṣe é dúró dè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, Rùkáyàt kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀. Ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sọ ti ọdún tó ń tán lọ, ó sọ ti olùdánwò. Àlàájà ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ lọ títí ó fi parí.

“Bí o bá wá mọ èyí tó ń pẹ́, kí ló kù?”

“Ẹni tó ń tà á á mọ èyí tó yẹ kó rà. Èyí tí wọ́n ń dà nù lọ́jà á dín kù.”

“Kí díẹ̀ bàjẹ́ kí púpọ̀ má baà bàjẹ́.”

“Òun náà nìyẹn, Ìyá.”

“Báwo ni díẹ̀ náà ṣe tó?”

Rùkáyàt di ìkúùkù. Àlàájà fi orí ìka hàn án. Wọ́n ná an bí ẹni tó wà lọ́jà. Ìyàwó ní èyí tó kéré jù á tètè gbẹ, Ìyá ní èyí tó tóbi jù, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Wọ́n pàdé níbi òkèlè kan. Àlàájà tún fi tirẹ̀ lé e: abọ́ tí wọ́n bá ti ní ó kan, lójú ẹsẹ̀ ni kí ó di ti àgùntàn. Kò gbọdọ̀ sùn.

“Mo gbà, Ìyá.”

“Àwọn ọmọ tó ń gbóòórùn yẹn, sọ fún wọn kí wọ́n máa kí èèyàn bí wọ́n bá wọlé. Ojú àwo nìkan ni wọ́n ń wò.”

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì tí Rùkáyàt ti gbé wàrà tuntun dé láti gáà, kò sí ẹni tó tún lè súnmọ́ pẹpẹ yẹn mọ́. Àlàájà gbé àga sí ìdí rẹ̀. Nusaybah tó jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ na ọwọ́ sí i, Àlàájà gbá a lọ́wọ́. Ọ̀kan tó le jù ni ti àwọn àlejò tó wá láti Ọ̀fà, ará ilé ọkọ àbúrò rẹ̀. Ìyá kan nínú wọn rí ọmọrí abọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Àlàájà, ẹ ní wàrà nílé, omi lásán lẹ gbé ka iwájú wa.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ti pólì ni.”

“Pólì ń jẹ wàrà?”

“Wọ́n ń wò ó ni.”

“Wọ́n ń wò ó kí ó ṣe kí ni?”

Àlàájà mí kanlẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àlejò ò tíì rí oúnjẹ nílé rẹ̀ kó má fún un. “Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ mìíràn,” ló wí. Ó ránṣẹ́ lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà, ó rà jù, wọ́n di ìyókù lọ sí Ọ̀fà. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, kò bá Rùkáyàt sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ó ka abọ́ náà, ó pé.

Hadiza àti Bùkọ́lá ń wá. Wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí Ìyá. Ọjọ́ kan, ọ̀fìnkìn mú Bùkọ́lá, kò gbóòórùn nǹkan kan. Ó ní kí àwọn fi ti Hadiza ṣe ti òun náà. Rùkáyàt ò gbà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé imú ẹnì kan ò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Abọ́ ń kan, àgùntàn ń jẹ, títí pẹpẹ fi ṣófo.

Rùkáyàt wá yí ìdí àwọn abọ́ wò, ó fi wé ohun tí wọ́n ti kọ. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe. Ewé ò borí. Ọsàn ò borí. Bí ti ewé ṣe ń kan ni ti ọsàn ń kan, wọ́n jọ ń lọ ni.

Ó dùn ún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó dun òun, ṣùgbọ́n ó dùn ún.

Bùkọ́lá ló ṣàkíyèsí nǹkan kan. Abọ́ ewé kan ló kan ṣáájú gbogbo wọn. Wọ́n wò ó, ọmọrí rẹ̀ ti ṣẹ́ létí, kò bo ẹnu rẹ̀ tán. “Àǹtí, ẹ yọ ìyẹn kúrò. Abọ́ ló bà á jẹ́, kì í ṣe ewé. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, ewé borí nìyẹn, ohun tí ẹ sọ níbẹ̀rẹ̀ náà ló ṣẹ.”

Kì í ṣe irọ́. Ọmọrí ṣẹ́ lóòótọ́. Rùkáyàt gbé e lọ bá Dókítà pẹ̀lú ìrètí díẹ̀.

“Ìgbà wo lẹ rí i pé ọmọrí ṣẹ́?” Dókítà bi í.

“Lẹ́yìn tó kan, sà.”

“Ṣé ẹ wo ọmọrí àwọn tí kò tètè kan?”

Wọn ò wò ó.

“Fi sílẹ̀ níbẹ̀. Kọ ti ọmọrí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó bá kà á fi ojú ara rẹ̀ rí i.”

Ó kọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́ ní kúkúrú, torí Dókítà ń fa ìlà sí ọ̀rọ̀ ńlá. Iṣẹ́ náà dé iwájú olùdánwò kí ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù.

Obìnrin ni olùdánwò náà, ó ti dàgbà, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnì kankan láti àárọ̀. Ẹni tó wọlé ṣáájú Rùkáyàt jáde pẹ̀lú ojú pípọ́n. Wọ́n bi í ní ibi tó ti rí àwọn tó ní òun fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, kò lè dárúkọ àdúgbò kan.

“Iṣẹ́ rẹ kéré,” olùdánwò wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“O kọ ọ́ síbí pé wọ́n jẹ ti àkọ́kọ́. Kí ló dé tí o kọ ọ́? O mọ̀ pé ó bu iṣẹ́ rẹ kù.”

“Ó ṣẹlẹ̀ ni, mà. Òun ló jẹ́ kí n gé ti ìkejì kéré. Bí mi ò bá kọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe ò ní mọ ìdí rẹ̀.”

“O ní ewé ló máa borí.”

“Mo rò bẹ́ẹ̀, mà.”

“Kò borí.”

“Kò borí, mà.”

“Kí ló wá ń jẹ́ kí wàrà kan tètè kan ju òmíràn lọ?”

Dókítà Àhmádù wà ní ìkángun yàrá, ó ń wo tábìlì. Rùkáyàt mọ̀ pé ibí yìí ni gbogbo ẹ̀ wà. Ọ̀rọ̀ ńlá pọ̀ tó lè fi bò ó. Ó ti gbọ́ wọn ní kíláàsì.

“Mi ò mọ̀, mà. Nínú èyí tí mo wò, kì í ṣe ewé, kì í ṣe ọsàn. Ibi tí mo lè sọ dé nìyẹn.”

Olùdánwò náà kọ nǹkan. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó pa ìwé náà dé, ó ní kí ó lọ dúró síta.

Ó dúró síta. Bùkọ́lá wà níbẹ̀, kò rí àwàdà kankan ṣe. Ìgbà tí Dókítà jáde, ó kọ́kọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

“Wọ́n gbà á. Àtúnṣe díẹ̀ wà níbẹ̀, mú un wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Sà?”

“Mo ní wọ́n gbà á. Lọ sílé.”

Rùkáyàt jókòó sábẹ́ igi lẹ́nu géètì. Ó pe ọkọ rẹ̀. Ariwo ọkọ̀ àti ti èrò ń wọlé lórí fóònù.

“Bàbá Nusaybah, mo ti parí.”

“O ti parí kí ni?”

“Ilé ìwé.”

Ìsmáílà ní, “Dúró, mo wà lójú ọ̀nà.” Rùkáyàt gbọ́ tí ọkọ̀ rọra ń dúró, tí èrò kan ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀, dírẹ́bà.

“Ẹ fún mi ní sùúrù díẹ̀,” Ìsmáílà dá wọn lóhùn. Ó gbé fóònù padà sí etí. “Ẹ̀hẹ́n. Tún un sọ.”

Ó tún un sọ.